Fíríípù orí fóònù: ọwọ́ ta ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti rà á?

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kò jìnnà sí ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin kan gbé ọ̀rá dúdú kan kalẹ̀ síwájú mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u sílẹ̀ díẹ̀." Ṣòkòtò jíìnsì fíríípù ni, aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀. Orí Facebook ló ti rà á, 6 000 fàràǹkì. Nọ́ńbà 40 ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà 40 lòun náà sì máa ń wọ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ta mítà sí i ní ìbàdí: sẹ̀ǹtímítà 35, tó jẹ́ 70 tó bá yípo. Ìbàdí ọmọ náà jẹ́ 78. Mo yí inú ṣòkòtò náà síta, mo rí i pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti tú gbogbo àlékún tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú rírán. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún mi láti tú.

Ó bi mí pé ṣé òun ò lè dá a padà. Ta ni yóò dá a padà fún? Ó ti fi MoMo, owó orí fóònù, sanwó, zémì, ìyẹn ọlọ́kadà, ti gbé e wá láti Kútọnu, ẹni tó tà á kò sì gbé ìpè mọ́.

Àwọn tó ń bi mí pé "Tàńtí, níbo ló ti dínwó jù?" pọ̀. Èmi náà a dá ìbéèrè padà fún wọn: bí aṣọ náà bá dé tí kò rí bó ṣe yẹ, ta ni yóò ru gbèsè rẹ̀? Ohun tí mo fi gbé gbogbo ọ̀nà ìrajà wọ̀nyí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyẹn. Iye tí wọ́n pè é, ẹ̀yìn ló ń tẹ̀ lé e.

Fíríípù yàtọ̀, aṣọ àtijọ́ yàtọ̀

Àwọn tó ń tajà lórí fóònù ti da méjèèjì pọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n. Fíríípù ni aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá nínú báàlì. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní òkìrìkà tàbí bọ́síkọ̀rọ̀. Ó lè má tíì ju ọdún méjì lọ tí wọ́n rán an. Aṣọ àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní vintage, ni èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an wà lára ohun tí ẹ ń sanwó fún. Lórí Etsy, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn òyìnbó kan, ohun tí kò bá tíì pé 20 ọdún, wọn ò gbà kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Lórí Facebook tiwa níbí, ẹnikẹ́ni ló lè kọ vintage sára ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán ní 2019, kó sì fi 3 000 lé owó rẹ̀. Ẹ má san 3 000 yẹn bí ẹ kò bá tíì rí ẹ̀rí. Màá padà sórí ẹ̀rí náà.

WhatsApp àti láìfù Facebook

Àwọn obìnrin tó ń gbé aṣọ sí WhatsApp ní Àjàṣẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé iṣẹ́ wá fún mi. Wọ́n á jí ní ìdájí, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí ọjà Missèbo ní Kútọnu, nǹkan bí 30 kìlómítà, wọ́n á dúró ti àwọn tó ń tú báàlì, wọ́n á ṣa ẹ̀wù mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á so bọ́tìnnì tó já. Ẹ̀wù tí wọ́n rà ní 1 000 di 2 500 kó tó dé ojú fóònù yín. Èmi kì í bá wọn jà lórí 1 500 tó wà láàárín yẹn. Owó oorun tí wọn ò sùn ni.

Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè sanwó lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí aṣọ. Zémì á gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin á wọlé lọ wọ̀ ọ́ wò, onízémì á dúró. Bí kò bá bá yín mu, ẹ ó san owó zémì nìkan, aṣọ á padà. Àwọn kan kì í gbà bẹ́ẹ̀; wọ́n á ní àwọn ti jìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi aṣọ ya fọ́tò tí wọ́n á sì dá a padà. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èmi kò ní í ra nǹkan àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbà. Ibi tí WhatsApp ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọjà kò pọ̀. Ẹ lè dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìwọ̀n yín tó jáde, pàápàá tí ẹ bá sanra bíi tèmi.

Láìfù Facebook ní tirẹ̀, ọjà ni, ọjà gidi. Ọgọ́rùn-ún aṣọ láàárín wákàtí méjì, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ju ti WhatsApp lọ, nítorí ẹni tó ń tà á fẹ́ tú báàlì náà tán lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ẹ̀wù sókè, ó pe iye, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ "mo mú un" ló ni ín. Kò sí àyè àtibéèrè bí ìbàdí rẹ̀ ṣe tó. Bí ẹ bá ń béèrè, ẹlòmíì ti mú un lọ.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti kó sí i. Jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì kan, 7 000. Obìnrin náà yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi kọ́là rẹ̀ hàn, ó fi àpò rẹ̀ hàn, gbogbo rẹ̀ ń dán lábẹ́ iná róbótó tó gbé kalẹ̀. Nígbà tó dé, mo rí ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o létí ọwọ́ ọ̀tún, ó tó ẹ̀pà méjì. Mo padà lọ wo fídíò náà. Etí ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ẹnu purọ́ kankan o. Ọwọ́ rẹ̀ ló purọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wo láìfù, ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń tajà wà ni mo máa ń wò, n kì í wo aṣọ.

Àmì kékeré kan tún wà tí mo fi ń mọ ojú ìwé tó ti sùn. Láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹyọ mẹ́wàá tó ń fi 01 bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé tó bá ṣì gbé nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ sórí, tó sì ń béèrè àsansílẹ̀, ẹ bi ara yín pé ta ló ń bójú tó o. Owó MoMo tó bá ti wọlé ẹni tó gbà á, tó sì ti lọ yọ ọ́, ó ṣòro kó tó padà. Kóòdù tó bá sì wọ fóònù yín, ẹ má kà á sí ẹnikẹ́ni létí, ìbáà jẹ́ pé ó ní òun fẹ́ dá owó yín padà ni.

Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó ń tajà ní Kútọnu á gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì, á fi nọ́ńbà awakọ̀ ránṣẹ́ sí yín, ó parí. Láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ ju 200 kìlómítà lọ. Awakọ̀ kò ní í dúró kí ẹ wọ ṣòkòtò wò. Nítorí náà, bí WhatsApp àti Facebook ṣe yàtọ̀ síra ní Àjàṣẹ́, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ bí ẹ bá wà lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Kí ìbátan yín kan ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ gba ẹrù náà, kó wò ó fínnífínní kó tó fi ránṣẹ́; tàbí kí ẹ ra ti ẹni tó wà nílùú yín, bí ọjà rẹ̀ ò tilẹ̀ pọ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ ní Kétu, ìtòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, lòun àti ẹni tó ń tà fún un ti máa ń pàdé. Á yẹ aṣọ wò lójú oòrùn, á sanwó, kálukú á gba ilé lọ.

Nígbà tí aṣọ bá wà ní Yúróòpù

Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo Vinted tàbí eBay, àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tòyìnbó, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ padà sí Missèbo mọ́. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n Vinted kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sí Bẹ̀nẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìbátan kan lọ́hùn-ún tí yóò bá yín rà á, tí yóò bá yín gbà á. Lórí eBay, àwọn kan ń fi ẹrù ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, àmọ́ owó ìfiránṣẹ́ lè ju owó aṣọ fúnra rẹ̀ lọ, owó aṣọ́bodè sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ojú tó wọ̀ ọ́. Yúrò kan jẹ́ 656 fàràǹkì ó dín díẹ̀, kì í gòkè, kì í sọ̀. Ẹ̀wù 20 yúrò ti di 13 100 àti díẹ̀ kó tó kúrò nílé ẹni tó ń tà á. Ẹ fi owó ààbò oníbàárà tí Vinted ń gbà lé e, ẹ fi owó ìfiránṣẹ́ dé ilé ìbátan yín lé e, kí ẹ tún fi owó kílò lé e bí ìbátan náà bá ń gbé e fún àwọn tó ń kó ẹrù jọ wá sí Kútọnu. Fún ẹ̀wù lásán, ìyà àìnídìí ni. Fún aṣọ àtijọ́ kan pàtó tí ẹ ti ń wá láti ọdún tó kọjá, ó lè tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àkókò ìfẹjọ́sùn ni Vinted àti eBay ti yàtọ̀ síra jù, ibẹ̀ sì ni owó àwọn ará wa ti ń ṣòfò. Vinted máa ń di owó yín mú lọ́wọ́. Bí ẹrù bá dé, ọjọ́ méjì péré ni ẹ ní láti sọ pé kò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá dákẹ́, owó ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. eBay ń fún yín ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá dé. Ẹ má tíì yọ̀: bí wọ́n bá ti tún ẹrù náà dì ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì tó kọ́kọ́ dé sí ibòmíràn, ààbò eBay kò bá a lọ.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí nílé wa. Ẹrù dé ilé ẹ̀gbọ́n yín ní Lyon lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó gbé páálí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù láìtú u, ó ní ẹni tó ń bọ̀ wálé fún Iléyá ni òun á fi rán. Ìgbà tí ẹ máa fi rí ihò tí kòkòrò jẹ sára kóòtù náà ní Àjàṣẹ́, oṣù méjì ti lọ. Ta ni ẹ ó pè? Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n kò bá lè ṣèlérí pé òun á tú u lálẹ́ ọjọ́ tó dé, kó sì pè yín lórí fídíò pẹ̀lú mítà lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó bá yín rà á lórí Vinted. Ẹ jẹ́ kó rà á lórí eBay, níbi tí ẹ ti ní oṣù kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹ̀yin tó ń kà á láti ìhà Nàìjíríà: aṣọ òkìrìkà wà lára ẹrù tí ìjọba yín fòfin dè pé kí wọ́n má kó wọlé. Ohun tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ará Àjàṣẹ́, tí aṣọ́bodè bá gbà á ní Sẹ̀mẹ̀, ẹni tó tà á kò jẹ yín ní gbèsè.

Báàlì

Ẹnìkan á sọ fún yín pé ẹ ra odindi báàlì, 45 kílò tàbí 55 kílò, kí ẹ mú èyí tó wù yín, kí ẹ ta ìyókù. Bí ẹ kò bá tíì ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é ní *premier choix*, èyí tó dára jù, ẹ ò lè tú u wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀rí pé aṣọ ti pẹ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò, ẹ jẹ́ kí n jókòó lé e díẹ̀.

Ẹ béèrè fọ́tò gbogbo táàgì tó wà nínú aṣọ, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí "Made in West Germany", aṣọ náà ti wà kí Jámánì méjèèjì tó di ọ̀kan ní 1990. Àmì Woolmark, èyí tó dà bí òwú tí wọ́n ká jọ, 1964 ni wọ́n gbé e jáde; kóòtù tó bá ní in kò lè jẹ́ ti 1950, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 1972 ni òfin ti sọ pé kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ sínú rẹ̀. Bí aṣọ Amẹ́ríkà kò bá ní in, ó lè ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ló fi síṣọ́ọ̀sì gé e kúrò torí ó ń yún un lọ́rùn. Ẹ wo ojú rírán bóyá ìgbátí táàgì tí wọ́n gé ṣì wà.

Jíìnsì Levi's ni gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Títí di 1971, lẹ́tà ńlá ni gbogbo orúkọ tó wà lára táàgì pupa àpò ẹ̀yìn rẹ̀, LEVI'S. Lẹ́yìn náà ni "e" di kékeré. Àmọ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń ṣe ẹ̀dà ti àtijọ́ jáde pẹ̀lú E ńlá, nítorí náà lẹ́tà yẹn nìkan kò tó láti fi san 60 000.

Bàtà eré àtijọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù, ẹ sá fún un. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń jẹ fóòmù náà láti inú wá, bí wọn ò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rí. Ẹ ó gbé e wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà òjò, ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ á máa já sílẹ̀ bí gàrí. Rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò àti síkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà a máa gan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣòro, mo lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí.

Àti pé, ta ló sọ pé ti òyìnbó nìkan ni aṣọ àtijọ́? Àpótí àwọn ìyá wa ni wọ́n ń tú tà lórí Facebook báyìí. Lóṣù tó kọjá ni ẹnìkan fi ankárá Hollandais ìgbà ìyá rẹ̀ lọ̀ mí, yáàdì mẹ́fà, 45 000. Fọ́tò náà dára, àwọ̀ rẹ̀ jin, ó tilẹ̀ ya etí aṣọ tí wọ́n kọ "Véritable Wax Hollandais" sí. Mo ní kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kó tún un yà. Ó dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí fọ́tò dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ankárá tí wọ́n fi ìda tẹ̀ ní tòótọ́, bíi ti Vlisco, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní Helmond ní Netherlands láti 1846, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyí tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ní àwọ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ sétí aṣọ. Ẹ̀yìn aṣọ ni kò rọrùn láti parọ́ lé.

Sányán náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ létí rẹ̀, kó fi ìṣáná sí i lójú fídíò. Òwú tó wá lára kòkòrò á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á rún wómúwómú láàárín ìka. Èyí tó bá yọ́, tó sì di kókó líle, ọ̀rá ni. Ẹni tó ní sányán gidi kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Ìwọ̀n àti àwọ̀

Nọ́ńbà tó wà lára aṣọ kò níí ṣe pẹ̀lú ara yín. 40 ti Faransé ni 38 ti Jámánì, òun ni 44 ti Ítálì, òun ni 12 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti 8 ti Amẹ́ríkà, báàlì kan náà sì lè kó gbogbo wọn wá. Ti àtijọ́ tún máa ń há ju ti òde òní lọ. Ẹ mú ẹ̀wù yín tó bá yín mu jù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wọn abẹ́ apá sí abẹ́ apá, ìbàdí, gígùn. Fún ṣòkòtò, ẹ wọn abẹ́ itan dé ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Iye tí ẹ ó máa béèrè nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà á bá dáhùn pé "ó máa bá yín mu, Màmá", kò tíì dáhùn.

Ní ti àwọ̀, ẹ ní kó gbé ìwé owó 2 000 fàràǹkì lé aṣọ náà kó tó ya fọ́tò. Gbogbo wa la mọ bí aró ara rẹ̀ ṣe rí. Bí owó náà bá ti di eléérú tàbí aláwọ̀ ewé nínú fọ́tò, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ aṣọ náà ti yí padà bákan náà. Ó tún ń jẹ́ kí ẹ mọ bí àbàwọ́n ṣe tóbi tó.

Ohun tó bá dé, ẹ rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ lọ ojú rírán rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á.

Bó bá jẹ́ èmi

Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́, tó ní 10 000 lọ́wọ́, tó sì fẹ́ aṣọ ibi iṣẹ́: WhatsApp, ẹni tó ń gbé ládùúgbò, ẹ̀wù méjì tàbí mẹ́ta, owó lẹ́yìn ìwọ̀wò. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣòro wọ̀n, tó lè pàdánù 5 000 láìsunkún, kó lọ síbi láìfù. Ọmọ yín tó ń dàgbà kíákíá ni ibẹ̀ dára fún jù. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò ní èèyàn kankan ní Kútọnu, kó ra tìlú rẹ̀. Vinted àti eBay, kí ẹni tó ti mọ táàgì kà dáadáa lọ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin oníjíìnsì yẹn ṣì ń ra ti láìfù o, kò gbọ́. Àmọ́ ó ti ra mítà ní 300 fàràǹkì. Láàárọ̀ òní ló tún fi fọ́tò gáùn kan ránṣẹ́ sí mi: ìbàdí 40, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìwé 2 000 wà lórí rẹ̀. Mo ní kó bi wọ́n pé kí ló wà lábẹ́ owó náà.